Àmì Kékeré, Ẹ̀ṣẹ̀ Ńlá: Bí Ẹ̀rọ Ṣe Ń Ṣi Ìwé Mímọ́ Kà

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, a wà níbi ìsìn ọpẹ́ ìdílé kan. Wọ́n pín ìwé pélébé kan fún gbogbo àwọn tí ó péjọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìdílé náà ni ó ṣètò rẹ̀. Ó mú ìwé orin àtijọ́ tí bàbá àgbà rẹ̀ fi sílẹ̀, ó ya àwòrán ojú-ewé mẹ́rin nínú rẹ̀, ó fi ẹ̀rọ sọ àwòrán náà di ọ̀rọ̀, ó fi ìtumọ̀ Faransé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Iṣẹ́ rere ni, a sì yìn ín. Ṣùgbọ́n níbi tí ìwé àtijọ́ ti kọ «Orin Ọpẹ́», ohun tí ẹ̀rọ kọ ni «ORIN OPE», láìsí àmì kankan. Ọmọbìnrin kan tí ó ti kékeré ka ìwé rẹ̀ ní èdè Faransé ni wọ́n ní kí ó kéde orin náà. Ó wo ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi ohùn gooro sọ pé kí ìjọ dìde láti kọ «orin òpè».

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà dorí kodò. Ìyá àgbà kan tí ó jókòó ní ìlà kejì kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Kò tilẹ̀ wo ìwé tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Ó di ojú, ó sì kọ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nígbà èwe rẹ̀. Nígbà tí ìsìn parí, ó pe ọmọbìnrin náà sọ́dọ̀, ó ní: «Ọmọ mi, ohun tí wọ́n kọ ni o kà. Àwa àgbà ni a kò kà á kí a tó fi lé ọ lọ́wọ́.»

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni ó mú kí a kọ àpilẹ̀kọ yìí. Lónìí, ìwé orin, ìwé àdúrà, Bíbélì àtijọ́, ìtumọ̀ Al-Kùránì àti ìwé Ifá ń kúrò nínú àpótí, wọ́n ń wọ inú tẹlifóònù. Ó yẹ kí inú wa dùn sí i, nítorí ikán àti òjò kò dá ìwé sí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń jáde láti inú ẹ̀rọ kì í sábà jẹ́ ohun tí ó wọ inú rẹ̀.

Bí ẹ̀rọ ṣe ń kàwé

Ẹ̀rọ kì í kàwé bí ènìyàn ti ń kà á. Nígbà tí a bá gbé ìwé sábẹ́ scanner, tàbí tí a bá fi tẹlifóònù ya á, àwòrán lásán ni a ní. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Dúdú àti funfun ni ó rí. Ètò mìíràn, tí wọ́n ń pè ní OCR, ni ó máa ń yẹ àwòrán náà wò. Ó ń fi ìrísí dúdú kọ̀ọ̀kan wé àwọn lẹ́tà tí wọ́n ti kọ́ ọ, ó sì ń mú èyí tí ó jọ ọ́ jù lọ.

Ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ti Faransé àti ti àwọn èdè Yúróòpù mìíràn ni wọ́n sì fi kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ètò wọ̀nyí. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá rí àmì tí ó wà lábẹ́ ọ, ó lè rò pé ìdọ̀tí ni, tàbí ihò tí kòkòrò dá sí ìwé, kí ó sì yọ ọ́ kúrò: ọ di o. Ó sì tún lè rò pé ìrù lẹ́tà ni: ọ di q. Ìdí nìyí tí a fi ń rí «Qlqrun» àti «Qba» nínú ìwé tí kò ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ a máa di e tàbí ç. Ṣ a máa di s tàbí §, àmì tí àwọn agbẹjọ́rò ń lò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àkọtọ́ tiwa ní Bẹ̀nẹ̀ yọ nínú rẹ̀. Láti ọdún 1975 ni orílẹ̀-èdè wa ti ní álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè abínibí, nínú èyí tí a ń kọ ɛ dípò ẹ, ɔ dípò ọ, àti sh dípò ṣ. Kò sí àmì abẹ́ lẹ́tà tí yóò bọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kò mọ ɔ yóò kọ o tàbí c, èyí tí kò sì mọ ɛ yóò kọ e tàbí 3.

Àmì ohùn ni ó wá ṣòro jù. Nínú Unicode, ètò tí àwọn kọ̀ǹpútà ayé fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́ àti ọ̀ kò ní. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni a so pọ̀ láti rí wọn. Bí a bá da ọ̀rọ̀ tí a kọ dáadáa láti inú ètò kan sínú òmíràn tí kò mọ bí a ti ń so wọ́n, àmì yóò fò lọ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó parẹ́ pátápátá.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin nínú ẹyọ kan

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: «ese». Ẹ̀ṣẹ̀ ni ohun tí a ń tọrọ ìdáríjì lé lórí. Ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn. Ẹsẹ ni ìpín kékeré nínú orí ìwé tàbí nínú Odù. Ẹ̀ṣẹ́ ni oníjà ń dì. Nínú ìwé tí ẹ̀rọ bọ́ ní àmì, ẹyọ kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tí ó bá kà pé Jésù wẹ «ese» àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lè mú un sí ẹsẹ̀, ó sì lè mú un sí ẹ̀ṣẹ̀. Èkíní ni ìtàn náà. Èkejì pẹ̀lú dùn-ún gbọ́ létí onígbàgbọ́. Níbẹ̀ ni ewu wà. Àṣìṣe tí ó bá pa ènìyàn lẹ́rìn-ín kì í pẹ́ tí a fi í mú. Èyí tí ó bá jọ òtítọ́ ni ó ń jókòó pẹ́.

Ẹ wo «Emi Mimo». Bí a bá fi àmì sí i, Ẹ̀mí Mímọ́ ni, Ẹni kẹta nínú Mẹ́talọ́kan. Bí a bá kà á bí ó ti wà, «Èmi, mímọ́» ni: ẹni tí ó ń kàwé ti sọ ara rẹ̀ di mímọ́ láìmọ̀. Ọ̀dọ́-àgùntàn di «odo aguntan», èyí tí ọmọdé lè kà sí odò tí àgùntàn ti ń mu omi, tàbí odó tí a fi ń gún iyán. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run di «oro», ẹnìkan sì lè kà á sí oró tí ń dun ni, tàbí Orò tí obìnrin kì í rí. Ọ̀run àti ọrùn, àmì ohùn nìkan ni ó là wọ́n. Bí ó bá parẹ́, kò sí ohun tí ó ya ibùgbé àwọn ẹni mímọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ibi tí a ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́.

Ìjọ kan wà tí a dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ níbí, nígbà tí Samuel Oshoffa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947, tí ó sì ti tàn ká ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run ni orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá. A kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ bí a bá ní kí òǹkàwé gbìyànjú láti kọ orúkọ náà láìsí àmì, kí ó sì wò ó bóyá ìjọ kò lè di ijó, tàbí kí ọ̀run di ọrùn. Àmì wọ̀nyí ni ó mú orúkọ náà dúró.

Àwọn onífá pẹ̀lú kò yọ. Ẹsẹ Ifá di «ese Ifa», àjòjì sì lè rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ni Ifá dá. Odù di «odu», ó sì lè di òdú tí a ń sè lọ́bẹ̀. Ní ti àwọn Mùsùlùmí, ọmọ ilé kéwú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti mọ ẹ̀kọ́ yìí kí àwa tó mọ̀ ọ́n: lẹ́tà bāʼ, tāʼ àti thāʼ ní èdè Lárúbáwá, ìrísí kan náà ni wọ́n ní; àmì tóótòòtó tí ó wà lókè tàbí nísàlẹ̀ ni ó sọ èyí tí olúkúlùkù jẹ́. Kò sí áfà tí yóò sọ fún ọmọ kéwú pé kí ó fi àmì náà sílẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ náà yóò yé ènìyàn. Kí ló dé tí a fi ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Yorùbá?

Ọ̀kan kù tí ó ń ti ojú wa láti sọ. Níbi ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ «ọkọ» kò lè ṣàì wà nínú ìwé ìsìn. Bí àmì abẹ́ rẹ̀ bá bọ́, ó lè di oko tí a ń ro, ìyẹn ṣì sàn. Ó tún lè di ọ̀rọ̀ kan tí àgbà kì í sọ níwájú ọmọ, tí àwa náà kò sì ní fi àmì sí níbí. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ti mọ ohun tí a ń wí. Ẹ wá fojú inú wo ìyàwó, àwọn àna, àti àlùfáà tí ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sókè.

Faransé náà kò ṣàì jìn sí kòtò yìí

Àwọn kan lè sọ pé Yorùbá ni ó ní wàhálà. Kí a máa fi Faransé kàwé ìsìn wa, ó tán. Ẹ jẹ́ kí a rán wọn létí pé pécheur ni ẹlẹ́ṣẹ̀, pêcheur sì ni apẹja. Àmì orí e ni ó là wọ́n. Bí ẹ̀rọ bá ṣì í, àdúrà tí ẹlẹ́ṣẹ̀ ń gbà di ti àwọn ará wa tí ń kó àwọ̀n sí ọ̀sà Àjàṣẹ́. Bí ẹsẹ̀ kan nínú mẹ́ta bá parẹ́ lára m, âme yóò di âne: ọkàn ènìyàn di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Bí orí f bá parẹ́, foi lè di loi, ìgbàgbọ́ a sì di òfin. Ẹni tí ó bá ka lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù yóò mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe kékeré. Kódà Dieu a máa di «Dicu» nígbà tí ìlà àárín e bá ti ṣá.

Ìyàtọ̀ tí ó wà ni pé ètò tí ó ń ka Faransé ní ìwé atúmọ̀ ńlá lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá rí «Dicu», ó lè mọ̀ pé kò sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó sì tún un ṣe. Ní Yorùbá, irú olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀.

Ohun tí ọ̀rọ̀ kékeré lè bà jẹ́

Àṣìṣe nínú ìwé mímọ́ ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ní ọdún 1631, Robert Barker àti Martin Lucas, àwọn atẹ̀wé ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ Bíbélì kan jáde. Nínú òfin tí ó kọ panṣágà, ọ̀rọ̀ kékeré tí ó ń sọ pé kí a má ṣe é bọ́ sọnù. Òfin wá di àṣẹ láti ṣe panṣágà. Wọ́n bu ìtanràn 300 pọ́n-ùn lé wọn, wọ́n gba àṣẹ ìtẹ̀wé lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì kó àwọn Bíbélì náà jọ láti run wọ́n. Díẹ̀ ni ó kù lónìí.

Ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan kò nílò láti bọ́ rárá kí irú rẹ̀ tó ṣẹlẹ̀. «Má bẹ̀rù» jẹ́ ìtùnú. «Máa bẹ̀rù» jẹ́ ìdàkejì rẹ̀. Lẹ́tà a kan ṣoṣo ni. Bí ìlà bá parí sí àárín ọ̀rọ̀, tàbí bí ojú-ewé bá ká, ẹ̀rọ lè fi a kan kún un tàbí kí ó yọ ọ̀kan kúrò. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù mọ ilé ìtẹ̀wé tí Bíbélì wọn ti jáde, wọ́n sì lè kó o jọ. Ta ni yóò kó fáìlì tí ó ti gba orí WhatsApp lọ sí Kétu, Ṣábẹ̀ àti Atakpamé jọ padà?

Àtúnṣe tí ó ń ba nǹkan jẹ́

Ọ̀rẹ́ wa kan rí «Qlqrun» nínú ìwé orin elédè méjì kan, ara rẹ̀ kò gbà á. Ó pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà kí ó fi ọ rọ́pò gbogbo q. Ọlọ́run padà sí ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní apá Faransé, «que» di «ọue», «Pâques» di «Pâọues», orúkọ ìwé náà gan-an, «Cantiques», sì di «Cantiọues». Ìṣẹ́jú kan ni ó fi bà á jẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó fi tún un ṣe. Ẹni tí ó bá pàṣẹ pé kí gbogbo «ese» di «ẹ̀ṣẹ̀» yóò rí irú rẹ̀: yóò ka «orí kejì, ẹ̀ṣẹ̀ kẹta», yóò sì bá Jésù níbi tí ó ti ń fi aṣọ nu ẹ̀ṣẹ̀ gbẹ. Kò sí àṣẹ kan tí ó lè yan èyí tí ó tọ́ nínú mẹ́rin. Ẹni tí ó gbọ́ èdè ni ó lè yàn án.

Àṣìṣe mìíràn wà tí àwa ọ̀mọ̀wé máa ń ṣe. Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé atúmọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1843. Ó dé Kétu fúnra rẹ̀ ní ọdún 1853. Ní ọdún 1875 ni àwọn míṣọ́nnárì jókòó ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí. Bíbélì lódindi sì jáde ní ọdún 1884. Àwọn ìwé ìgbà náà ń kọ «enia», «aiye», «nwọn» àti «li». Àmì ohùn wọn kò pọ̀. Bí a bá rí irú èyí, ẹ̀rọ kò ṣẹ̀. Bí àwọn àgbà ti kọ ọ́ nìyẹn. Ẹni tí ó bá ń tún ìwé ṣe gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ẹ̀rọ bà jẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí ayé àtijọ́ fi sílẹ̀. Bí a bá fẹ́ ẹ̀dà ní àkọtọ́ òde òní, tàbí ní àkọtọ́ Bẹ̀nẹ̀, kí a ṣe é lọ́tọ̀, kí a sì kọ ọ́ síwájú ìwé pé a ti yí i padà.

Ìdí tí a kò fi lè fi í sílẹ̀

A gbọ́ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń sọ: «Ó yé wa bẹ́ẹ̀ náà.» Òótọ́ ni pé ó yé àwọn kan. Ó yé ìyá àgbà orí ìlà kejì, nítorí pé kò ka ìwé náà. Ó ń gbọ́ ọ nínú ara rẹ̀. Gbogbo àwọn tí ó ń ka «ese» tí wọ́n sì ń pe ẹ̀ṣẹ̀, iyè inú ni ó ń bá wọn ṣe àtúnṣe náà. Iyè inú yẹn kò sí nínú fáìlì, kì í sì í ṣe ogún tí a ń pín. Ọmọbìnrin ọjọ́ náà kò ní in. Òun sì ni ọmọ yóò bi léèrè ní ogójì ọdún sí i. Bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá lọ, ohun tí ẹ̀rọ kọ ni yóò di ìwé mímọ́.

Ó tún ku èyí: àwọn ẹ̀rọ tuntun ń fi ọ̀rọ̀ tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ èdè. Ìwé ìsìn sì wà lára ohun tí ó pọ̀ jù tí a ní ní Yorùbá. Bí èyí tí ó bàjẹ́ bá pọ̀ ju èyí tí ó dára lọ, àṣìṣe òní ni wọn yóò fi kọ́ ọmọ wa lọ́la.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn ọ̀dọ́ ni ó mọ ẹ̀rọ. Àwọn àgbà ni ó mọ ọ̀rọ̀. Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le. Kí ọ̀dọ́ kan àti àgbà kan jókòó pọ̀. Kí ẹnìkan di ìwé àtijọ́ mú, kí ẹnìkejì ka ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ sókè, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ àkọlé, orúkọ, nọ́ńbà, àti gbogbo ibi tí «má», «kò» àti «kì í» bá wà. Kí wọ́n má ṣe ju àwòrán ojú-ewé nù, kí ẹni tí ó bá ṣiyèméjì lè padà wò ó. Ní òpin rẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí ó kà á àti ọjọ́ tí wọ́n kà á parí. Títí di ìgbà náà, ìwé náà kò tíì ṣeé pín.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣètò ìwé ọpẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú, òun àti ọmọbìnrin tí ó kéde orin ń lọ sí ilé ìyá àgbà náà. Ìyá kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, nítorí náà ọmọbìnrin ni ó ń kà, ìyá ni ó ń gbọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin ni ó ń tẹ̀ ẹ́. Bí a ti ń kọ èyí, wọ́n ti dé orin kọkànlélógójì. Ní ibì kan, ìyá kọ ọ̀rọ̀ kan, ìwé àtijọ́ sì ní òmíràn. Ìyá ní bí bàbá òun ti kọ́ òun nìyẹn. Wọ́n jiyàn díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ti ìwé síbẹ̀, wọ́n sì kọ ti ìyá sí abẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀.